Raijeli, Mo Ti Fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù Abẹ́rẹ́ Ẹ

Raijeli ọmọ mi, ọmọ tí mo bí nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń sùn lórí ẹní ìyá mi,

Mo kí ẹ títí. Mo kí àyà ẹ tó máa ń há, mo kí ẹsẹ̀ ẹ nínú bàtà ilé ìwé tó ń fún ẹ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń rí oorun sùn, àbí ariwo mọ́tò ìlú Suva ń já àdúrà ẹ gbà lẹ́nu ẹ? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ ojú omi kọjá láàárín àpáta ni á máa mú ẹ kọjá láàárín àwọn èèyàn tí a ò mọ orúkọ ìyá wọn. Bàbá ẹ kí ẹ. Bubu Torika, ìyá bàbá ẹ, kí ẹ, ó ní kí o má fi irun tútù jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ o. Ẹlẹ́dẹ̀ wà dáadáa. Bá mi kí Nei Losena, àbúrò bàbá ẹ tí o ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, kí o sì jókòó sílẹ̀ kí o tó kí i, má kí i lóòró, àwọn ará Suva lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ òun á mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà ẹ dé ọwọ́ mi, inú agolo bísíkíìtì tí Nei Losena dì ránṣẹ́ ló wà, bísíkíìtì ti rin díẹ̀ lápá kan ṣùgbọ́n ìwé gbẹ. O ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín fẹ́ gún ẹ ní abẹ́rẹ́ Kòrónà ti ọdún yìí nítorí àyà ẹ, o ní wọn ò lè gún ẹ àfi tí ìyá tàbí bàbá bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, o ní kí n ṣe é kíá, pé Kòrónà mìíràn tún ti wọ Suva, pé méjì nínú kíláàsì yín ti wà nílé. Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni fọ́ọ̀mù ẹ fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, ṣùgbọ́n má ka lẹ́tà yìí sókè sétí Nei Losena, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí kò yẹ kó gbọ́ lẹ́nu ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ Kòrónà tuntun yẹn dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Jonasa, olórí abúlé, gun òkè tó ti máa ń ké ìkéde, ó ní Kòrónà ti padà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a mọ̀, ó ti gba orúkọ mìíràn. Ó wá ka orúkọ náà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, lẹ́tà méjì, nọ́ńbà kan, àmì kékeré kan, nọ́ńbà mìíràn, lẹ́tà mìíràn. Tai Manoa jókòó níwájú ilé ẹ̀, ó ké sókè pé ṣé orúkọ àìsàn nìyẹn ni àbí ti ọkọ̀ ojú omi. Jonasa ní àìsàn ni, Bàbá. Tai Manoa ní ẹni tó bá ń pa orúkọ dà láti ìlú dé ìlú báyìí, ẹ lọ wádìí ẹ̀ wò, ó ti ṣe nǹkan níbì kan. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ lọ̀rọ̀ àgbà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́nà. O mọ̀ mí, ojú mi kì í sinmi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dé, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù létí omi, mo ń ka àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀, mo sì ń ka ikọ́. Èèyàn mọ́kànlá, ikọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo súnmọ́ wọn mo rí i pé ewúrẹ́ kan ló wú ọ̀kan nínú ẹ̀.

Ìwé Jonasa tún ní kí a má fi igbá kan mu nǹkan mọ́. O mọ bó ṣe le tó fún àwọn bàbá yín, láti ìgbà tí ayé ti dáyé, igbá àgbọn kan ṣoṣo ni omi gbòǹgbò yaqona fi ń yípo láàárín wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kálukú gbé tiẹ̀ wá, bàbá ẹ gbé kọ́ọ̀pù tó fi ń fọyín, Isireli ọmọ ìjòyè gbé agolo sadíìnì tó ti fọ̀ mọ́, wọ́n jókòó yí àwo ńlá ká, kálukú wá ń ti kinní ọwọ́ ẹ̀ bọ inú àwo kan náà, wọ́n ń kí ara wọn pé àwọn ti gbọ́n ju Kòrónà lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò wọ́n. Obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwòrán kan tún wà nísàlẹ̀ ìwé náà, onígun mẹ́rin, dúdú lórí funfun, ojú kéékèèké. Jonasa ní kí a gbé fóònù sí i, pé a máa rí àlàyé síi. Bàbá ẹ gbé fóònù ẹ̀ lé e, ó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, gbogbo wa dúró bí ẹni tó ń dúró de adìyẹ tó sàba, nǹkan kan ò pa. Bubu Torika gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́, ó ní masi nìyí, ó ní aṣọ èèpo igi ni wọ́n ń fara wé, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ ọnà ara ẹ̀ ò ní ìyá tó kọ́ ọ. Ó ní ẹ wò ó, ìlà ò bá ìlà pàdé, igun mẹ́ta péré ló parí, oorun gbé e lọ kó tó dé igun kẹrin. Ó ní irú ọnà báyìí, òun ò ní fi wé òkú, ká má tíì sọ ìyàwó. Síbẹ̀, nítorí pé ìjọba ló fi ránṣẹ́, Jonasa fi kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ masi gidi. Ọ̀kan wà lára fọ́ọ̀mù tìẹ náà. Mo fi han Bubu, ó ní obìnrin kan náà ni, kò tíì gbọ́n.

Fọ́ọ̀mù ẹ, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, o mọ̀ pé ìwé kẹfà ni mo ti dúró. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìjì tó gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, pé òjò ṣì ń rọ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ìjì yẹn. Wọ́n béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ti ṣe ọmọ yìí ní nǹkan burúkú rí. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ìjọba. Mo kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ò ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan, ọmọ mi ló ṣe nọ́ọ̀sì ní nǹkan, pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó gé nọ́ọ̀sì jẹ lápá, a sì gbé gbòǹgbò yaqona lọ bẹ̀ ẹ́, ó gbà á, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n béèrè oògùn tí o ń lò. Mo kọ kinní aláwọ̀ búlúù tí o máa ń fà sẹ́nu, mo kọ omi ewé Bubu, mo kọ oyin ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n lè pè kíákíá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ro ìyẹn títí. Mo kọ Jonasa, nítorí pé ohùn ẹ̀ ló lọ sókè jù ní gbogbo erékùṣù yìí, tó bá ké e lórí òkè, èmi á gbọ́ níbikíbi tí mo bá wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ìlà kan, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀, pé ti àwọn ará ọ́fíìsì ni. Inú mi dùn síbẹ̀ jù. Àṣé àwọn ará Suva ṣì mọ ẹ̀tọ́, wọ́n ṣì ń fi ibi tó ga jù lórí ẹní sílẹ̀ fún àwọn àgbà, bí a ṣe ń fi í sílẹ̀ nínú ilé tiwa. Mo ká ibẹ̀ sínú kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa má bàa kàn án.

Ibì kan ṣoṣo ló wá kù, ibi tí ìyá máa fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kọ̀.

Raijeli, mo lóyún. Ó di oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mò ń fi fọ́ọ̀mù ẹ pamọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀, bàbá ẹ ò mọ̀, ó rò pé kókò ni mò ń jẹ jù. Bubu ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ìwọ kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ti gbọ́ ṣáájú ẹ báyìí, ibẹ̀ ni mò ń bọ̀.

Ṣé o rántí ìgbà Kòrónà àkọ́kọ́, o wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n sọ fún ẹ pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Ibà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá nígbà yẹn náà, mo sá fún un, mo ní ẹ jẹ́ kí ọmọ inú mi jókòó dáadáa ná. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ikọ́ yẹn wọlé wá, ara mi gbóná bí òkúta tí a fi ń sè oúnjẹ nínú ilẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọmọ náà lọ. Ọkùnrin ni. Bàbá ẹ sin ín sẹ́yìn ilé, lábẹ́ àgbọn kúkúrú yẹn tí mi ò jẹ́ kí o gùn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá ibà ló mú un lọ àbí nǹkan mìíràn. Unaisi tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ní ó jẹ́ pé mo tètè sọ ọ́ jáde ni, pé ojú ayé ti wò ó jù. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù sísọ ti ń bà mí. Àwọn àgbà ní oyún inú, a kì í kà á mọ́ ọmọ. Èmi ní tí a ò bá kà á, bóyá ikú náà ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tí a gbàgbọ́ níbí, oyún tí a bá fi pamọ́ máa ń lé ẹja. Ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwa obìnrin ti ń da àwọ̀n nígbà tí omi bá fà, tó ń gòkè wá lófìfo, koríko òkun àti ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan. Lọ́jọ́ kan Unaisi dúró sínú omi tó dé e nítan, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn ló ń wò, kì í ṣe ojú. Ó ní ẹnìkan gbé ẹrù pamọ́ láàárín wa níbí o, kó yáa gbé e sọ̀, ebi ń pa ọkọ mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Bubu Torika ní kí ó wá a lọ sí ilé ẹlòmíràn, ó ní ìyàwó ilé tòun ò lè ní nǹkan nínú kí ilẹ̀ ṣú kó má tíì sọ fún òun. Ó di ọwọ́ mi mú nínú omi bó ṣe ń sọ ọ́. Omi òkun lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ara mi tutù bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Nítorí náà, o rí i. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù. Tí mi ò bá sọ ọ́, ẹ̀rù. Kòrónà ń bọ̀, ẹ̀rù, abẹ́rẹ́ ń bọ̀, ẹ̀rù. Ìwọ náà tún fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n gún ọmọ kan ṣoṣo tó wà láyé fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ kékeré nọ́ọ̀sì dé, Nọ́ọ̀sì Kelera, òun gan-an ni o gé jẹ. Kó tó gúnlẹ̀, Jonasa ti tò wá sínú gbọ̀ngàn bí a ṣe ń tò níbi nǹkan ọlá, ìdílé ìjòyè níwájú, àwọn àgbà ọkùnrin tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn apẹja, àwa obìnrin lẹ́yìn pátápátá. Isireli ló wà níwájú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti ká apá aṣọ sókè, iṣan ẹ̀ ń dán. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ jókòó, pé abẹ́rẹ́ ti àsìkò yìí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló tọ́ sí. Isireli ní kí lòun ṣe. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣe nǹkan kan, ara ẹ̀ le ni. Isireli ní ṣé ara líle wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé wọ́n dójú ti òun níwájú àwọn èèyàn bàbá òun. Ni Jonasa bá sáré gbé yaqona lọ síwájú nọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kó jọ̀ọ́ kó gún ọmọ ìjòyè díẹ̀, kékeré báyìí, kí ìtìjú má pa á. Nọ́ọ̀sì gba yaqona, ó dúpẹ́, ó ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe oyè.

Ó wá ka àwọn tó tọ́ sí. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí àyà ẹ̀ máa ń há, àti obìnrin tó lóyún. Ó ní kí ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ bọ́ síwájú kó sọ tiẹ̀. Háà, Raijeli, o ò bá wà níbẹ̀! Nígbà tí wọ́n rí i pé àìsàn ló di iwájú, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiẹ̀ jáde. Tai Manoa tó ti ń sẹ́ ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mẹ́wàá, tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná mu tíì dídùn, òun náà dìde, ó ní ìtọ̀ ṣúgà tòun ni baba gbogbo ìtọ̀ ṣúgà erékùṣù yìí. Ìyá kan tí a ti ń kà sí ọmọ àádọ́ta ọdún láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ó jẹ́wọ́ ọdún méjìdínláàádọ́rin lójú gbogbo ayé. Unaisi ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, Bubu Torika ní òun mọ̀, pé òun ń gbọ́ ariwo ẹ̀ láti ilé.

Nígbà tó kan Bubu, ó ní kí nọ́ọ̀sì dúró ná, ó ní ó pè é ní abẹ́rẹ́ ti àsìkò, àsìkò wo, ṣé ti iṣu ni àbí ti gbẹ̀rẹ̀fútù. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn yìí ló máa ń pààrọ̀ aṣọ, pé abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà kó lè dá a mọ̀. Bubu ní ó yé òun, ẹní ni, eku ń jẹ ẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ hun òmíràn, ẹni tó bá jókòó lórí ti èṣí á fìdí kan ilẹ̀. Ó na apá.

Nọ́ọ̀sì wá ní, obìnrin tó lóyún ńkọ́. Mo rí ojú Unaisi tó ń rìn lára wa, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tún un sọ, kò sẹ́ni tó dìde. Ó ní kò burú, pé omi ti ń fà, ọkọ̀ òun gbọ́dọ̀ jáde kó tó fà tán, yìnyín inú àpótí òun náà ò ní dúró, ó sì di oṣù mẹ́ta kí òun tó padà wá.

Mo dìde. Fọ́ọ̀mù ẹ ló wà lọ́wọ́ mi, mo rìn lọ bíi pé nítorí ẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń lọ, mo ní kó bá mi wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa. Ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́, nígbà tó dé ibi tí o ti gé e jẹ, ó fi ìwé bojú, èjìká ẹ̀ ń mì, ó ká aṣọ ẹ̀ sókè, ó fi àpá eyín ẹ han gbogbo gbọ̀ngàn. Ó bá mi fi ọjọ́ ìbí ẹ kún un láti inú ìwé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó fi nọ́ńbà Nei Losena sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jonasa. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ìyá Raijeli, ẹ ò tíì fọwọ́ sí i o. Ó fún mi ní bírò. Mo mú bírò, mi ò lè kọ nǹkan kan. Ó ní ṣé ẹ ò fẹ́ ni. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni àbí ti àìsàn. Mo ní méjèèjì. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní òun ti jókòó ti àwọn tí àyà wọn ń há tí àìsàn yẹn bá, òun ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá èémí, pé òun mọ èyí tí òun ń bẹ̀rù nínú méjèèjì. Ó wá wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ kejì bo ikùn. Ó rí i. Ó kàn dúró, bó ṣe máa ń dúró wo ìgbì kí wọ́n tó ti ọkọ̀ sómi.

Ohun tí mo rò nìyí, ọmọ mi. Mo rò ó pé mo fẹ́ ti apá ọmọ mi síwájú lọ́hùn-ún láàárín àwọn àjèjì, tèmi sì rèé tí mo ń fi pamọ́ sẹ́yìn láàárín àwọn èèyàn mi. Mo ti fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ìfarapamọ́ yẹn ò gba ẹnikẹ́ni là. Mo ní Nọ́ọ̀sì, obìnrin tí ẹ ń pè yẹn, èmi ni.

Mo rò pé mo rọra sọ ọ́ ni. Àṣé gbogbo wọn ti dákẹ́ ń gbọ́. Unaisi ló kọ́kọ́ lanu, ó ní ẹja wa! Ó ní ìwọ Ulamila, ìwọ lo jókòó lé ẹja wa lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan ní kí wọ́n lọ gba gbèsè ẹja lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, bàbá ẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀pù ìfọyín lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹja gan-an.

Bubu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí ju gbogbo ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú omi. Ó jókòó tì mí. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ká apá aṣọ mi sókè. Ó ní wo ojú mi, má wo abẹ́rẹ́. Ó wá sọ ọ́ létí mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pé òun sin méjì kí òun tó bí bàbá ẹ, pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí títí ọkọ òun fi kú. Ó ní nínú gbogbo ẹja tó ti sá lọ ní erékùṣù yìí, òun náà lé tòun. Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde, kó tó sọ ọ́ tán. Mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbà yẹn ni mo mú bírò padà. Fọ́ọ̀mù ẹ wà nínú lẹ́tà yìí, mo fọwọ́ sí i. Orúkọ mi wọ́ díẹ̀, tí wọ́n bá ní kì í ṣe orúkọ èèyàn, sọ fún wọn pé ìyá ẹ ni.

Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè máa wò mí. Ó wò mí, ó ní kò sí wàhálà, ó bá omi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ò gbà, wọ́n ní wọn ò rí ìṣẹ́jú kankan tó kọjá, wọ́n mú mi jókòó títí oòrùn fi rẹlẹ̀, wọ́n ń bu omi àgbọn fún mi, Unaisi ń bá mi fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí a ṣe délé, bàbá ẹ mú garawa, ó lọ pọn omi, iṣẹ́ tí kì í ṣe, ó sì ń pọn ọ́n láti ọjọ́ náà, a ti ní omi nílé ju ti òkun lọ. Apá ro mí fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ó ti lọ. A da àwọ̀n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹja méje, wọ́n fún mi ní orí èyí tó tóbi jù. Unaisi ní méje kéré, pé ẹnì kejì ṣì wà níbẹ̀ tó ń fi pamọ́, ó sì ti ń wo ikùn àwọn ìyàwó kéékèèké.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé ọkàn mi ti balẹ̀ pátápátá. Oṣù márùn-ún ń bọ̀, mo ń kà á. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí tí mo bá jí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ń gbé e mọ́, wọ́n ti pín in kiri abúlé bí ẹni pín ẹran, kálukú gbé díẹ̀ lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Nei Losena ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún yìí lẹ́nu ẹ, àbúrò bàbá ẹ ni, bàbá ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún un bó ṣe yẹ, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ a ò ní gbádùn Kérésì yìí. Ṣùgbọ́n owó ti tán lórí fóònù bàbá ẹ. Mo mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ò lówó, nítorí náà bá mi bẹ Nei Losena kó fi dọ́là márùn-ún ránṣẹ́ sórí fóònù náà. Tó bá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, sọ pé òun ni wọ́n fẹ́ pè. Tó bá ní kí ni wọ́n fẹ́ sọ, mo fẹ́ ní kí o wúkọ́, ṣùgbọ́n ní àsìkò yìí má wúkọ́ o, lọ fọ abọ́. Tí owó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀, kó ra òwú funfun díẹ̀ fún mi, ìyẹn náà, má sọ pé fún kí ni.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gún ẹ, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kọ aago ẹ̀ náà. Má gé ẹnikẹ́ni jẹ. Wá ojú ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ẹ kí o máa wò ó, tí kò bá sí, di ojú ẹ, tèmi á wà níbẹ̀. Èmi á tẹ́ ẹní síbi tó kọjú sí Suva, mi ò ní dìde títí wọ́n á fi ní kí ìwọ dìde.

Èémí tó bá jáde nínú ẹ á rí ọ̀nà padà wọlé. Àìsàn tó ń pa orúkọ dà ò ní mọ orúkọ ẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tí ire tọ́ sí, wọ́n á pè ọ́, o ò ní tijú láti dáhùn.

Èmi ni Ulamila, ìyá ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.